Mítà iná ti sọ èmi àti ará ilé mi, tí a jọ ń kọrin ní ìjọ, di ọ̀tá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Mòfẹ́ (Bàsírì, Adó-Èkìtì)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí láti ọjọ́ Àìkú ni oorun ò ti kun ojú mi.

Ìdílé mẹ́rin la wà nínú ilé tí a ń gbé, mítà kan ṣoṣo la sì ń lò. Bí yúníìtì bá ti ń tán lọ, a ó dá owó, ẹnì kan á lọ rà á. Obìnrin tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ẹgbẹ́ akọrin kan náà la jọ wà, ọwọ́ ọ̀tún mi gan-an ló máa ń dúró sí. Láti bí oṣù mẹ́ta báyìí, òun ló ń dá owó kẹ́yìn, nígbà mìíràn kò ní dá a rárá. Bẹ́ẹ̀ òun ló ní sítóòfù oníná, òun ló ní fíríìjì. Èmi, gílóòbù mẹ́ta àti fáànù kan ni. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo ń sọ fún ara mi pé Kristẹni ni mí, kí n ní sùúrù. Àmọ́ mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ọmọ mi kan, oṣù dé oṣù, iye dé iye.

Sátidé tó kọjá, mo ń lọ aṣọ ọmọ lọ́wọ́ ni iná kú. Mo jáde síta, mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀fọ́. Ó ní, "Ìyá Mòfẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sáré ra iná, ẹran mi máa bàjẹ́." Ẹ̀yin ará, mi ò mọ ibi tí ohùn yẹn ti wá. Mo wọlé, mo mú ìwé náà jáde, mo kà á sí i létí lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Mo tún pe ọkọ rẹ̀ ní orúkọ kan tí mi ò ní kọ síbí.

Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa sì ni lọ́jọ́ kejì. A dúró ti ara wa, a ń kọrin, kò wò mí, èmi náà ò wò ó. Nígbà tí búrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ mi, mo jẹ́ kó kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, báwo lèèyàn ṣe ń ní sùúrù tí kò fi ní di ẹni tí gbogbo ayé ń rẹ́ jẹ? Torí bí ẹ bá ní kí n tún dákẹ́, mo mọ ara mi, màá tún bú gbàù ni.

Ọmọ Ọ̀yẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ ní kí lánlọ́ọ̀dù ya mítà. Ọ̀rọ̀ parí.

Ìyá Mòfẹ́

Ọmọ mi, lánlọ́ọ̀dù ní ẹni tó bá fẹ́ mítà tirẹ̀ kó lọ fi owó ara rẹ̀ gbà á. Àti pé bí mítà bá tiẹ̀ yà, ṣé a ó ya ẹgbẹ́ akọrin náà ni?

Díákónì Òkè-Ìlá

Ìyá Mòfẹ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ, torí èmi náà ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Oṣù mẹ́ta tí ẹ dákẹ́ yẹn kì í ṣe sùúrù. Ìwé gbèsè lẹ ń kọ.

Nínú Gálátíà 5:22, Bíbélì wa pè é ní ìpamọ́ra. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù lò níbẹ̀ ń sọ nípa ẹni tí inú rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó gbóná. Kò sọ nípa ẹni tí inú rẹ̀ ti hó tán, tó wá fi ìdérí dé e. Ìkòkò tó ń hó lábẹ́ ìdérí, ẹ̀yin obìnrin mọ ohun tó máa ń ṣe ju èmi lọ. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù tún ń sọ nípa ìfẹ́ nínú Kọ́ríńtì Kìíní 13:5, pé kì í ka ibi sílẹ̀ de ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣírò owó ló mú lò níbẹ̀. Àfi bíi pé ó ti rí ẹ̀yìn ìwé Mòfẹ́.

Ohun tí ìbá jẹ́ sùúrù ni kí ẹ ti lọ bá a lóṣù kìíní, nígbà tí ohùn yín ṣì tutù. Matiu 18:15 ò le rárá: bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, lọ sọ fún un, ìwọ àti òun nìkan. Bí kò bá gbọ́, mú ẹnì kan tàbí méjì dání. Bí kò bá tún gbọ́, ìgbà yẹn ni kó tó kan ìjọ. Ní ìjọ tiwa, ẹsẹ̀ lókè orí nílẹ̀ la máa ń ṣe é. Ìjọ la kọ́kọ́ ń sọ fún, a ó pè é ní kókó àdúrà. Lẹ́yìn náà a ó sọ fún ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta. Ẹni tó ṣẹ̀ wá gan-an ló ń gbọ́ kẹ́yìn, ẹnu ọmọ ẹlòmíràn ló sì ti máa ń gbọ́ ọ. Púpọ̀ nínú ìjà tí wọ́n ń gbé wá bá àwa àgbà ìjọ, kì bá má dé ọ̀dọ̀ wa ká ní ẹnì kan ti kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kìíní.

Ní báyìí o, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ fún èébú yẹn lọ́tọ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mítà sí i rárá. Bí ẹ bá ní "ẹ jọ̀ọ́, mo bú yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà...", "ṣùgbọ́n" yẹn ti jẹ ẹ̀bẹ̀ náà tán. Ẹ jẹ́ kí mítà di ọjọ́ mìíràn.

Bàbá Àgbẹ̀ Ìjerò

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, bí ò bá tiẹ̀ dùn mọ́ Díákónì nínú.

Oko èmi àti ti ọkùnrin kan pààlà. Bàbá mi ló gbin pèrègún sójú ààlà náà. Lọ́dọọdún tí ọkùnrin yìí bá ń kọ ebè, á wọ ọ̀dọ̀ mi ní ebè kan, nígbà mìíràn méjì. Mò ń wò ó. Mo ti di alàgbà ní ìjọ nígbà náà, ojú ń tì mí kí wọ́n gbọ́ pé mo ń bá èèyàn jà nítorí ebè. Sùúrù mi ló fi ń gbin iṣu. Lọ́dún kẹrin, ó hú pèrègún.

Pásítọ̀ wa pè mí, ó ka Jẹ́nẹ́sísì 26 fún mi. Àwọn ìránṣẹ́ Ísáákì gbẹ́ kànga, àwọn ará Gérárì ní tàwọn ni, Ísáákì fi sílẹ̀ fún wọn, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Ésékì. Wọ́n gbẹ́ òmíràn, ìjà tún dé, ó pè é ní Sítínà, ó tún fi sílẹ̀. Ìgbà kẹta ni wọ́n tó fi í lọ́rùn sílẹ̀, ó pe ìyẹn ní Réhóbótì, pé Olúwa ti fún wa láàyè. Mo ní, "Pásítọ̀, Ísáákì rí àyè ṣí lọ. Èmi ńkọ́? Ṣé kí n lọ máa gbin iṣu ní Ìkòròdú?"

Ṣùgbọ́n mo délé, mo ka orí náà fúnra mi débi tó parí sí. Ẹ lọ wo ẹsẹ 27. Nígbà tí ọba Gérárì àti àwọn èèyàn rẹ̀ padà wá bá Ísáákì, kò bú wọn, kò sì rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn sí wọn. Ó bi wọ́n lójúkojú pé kí ni wọ́n wá ṣe lọ́dọ̀ òun, nígbà tí wọ́n kórìíra òun, tí wọ́n lé òun kúrò. Ó sọ ọ́ tán kó tó se àsè fún wọn. Wọn kì í wàásù ẹsẹ yẹn.

Mo bá mú àgbà méjì, ọ̀kan láti ìdílé rẹ̀, ọ̀kan láti tèmi, a jọ lọ sóko ní kùtùkùtù. Mi ò pe lọ́yà. A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ó ní òun ò mọ̀ pé òun ti wọlé tó bẹ́ẹ̀. Bóyá irọ́ ni, mi ò tọ́pinpin. A gbin pèrègún mìíràn. Ó ń kí mi báyìí, àmọ́ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń sọ pé kí ọmọ yìí ní sùúrù, ẹ tún sọ ibi tí ààlà sùúrù wà fún un.

Yèyé Ẹ̀fọ̀n

Bàbá Ìjerò, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára.

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lèmi wà, ìlú tí wọ́n sin Wòlíì Babalọlá sí, ẹ mọ̀ pé a kì í fi àdúrà ṣeré níbí. Lọ́dún kan, ìyàwó àbúrò ọkọ mi ṣẹ̀ mí lórí ọ̀rọ̀ ìnáwó òkú. Mo gun orí òkè, mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, pé kí Ọlọ́run bá mi dá sí i. Ilé ẹni tí mò ń torí rẹ̀ gun òkè yìí, bí ẹ bá ju òkúta láti ẹnu ọ̀nà mi, á bà á! Lọ́jọ́ kẹta, mo ṣí Bíbélì, Matiu 5:23 ni mo bá pàdé: bí ìwọ bá ń mú ẹ̀bùn rẹ wá sí orí pẹpẹ, tí o sì rántí pé arákùnrin rẹ ní ọ̀rọ̀ kan nínú sí ọ, fi ẹ̀bùn sílẹ̀ níbẹ̀, kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Kò ní kí n dúró ká ṣe àṣekágbá. Mo sọ̀ kalẹ̀ lóòrùn ọ̀sán gangan. Òkè tí mo gùn yẹn rọ̀ mí lọ́rùn ju ilẹ̀kùn rẹ̀ tí mo fẹ́ kàn lọ, ẹ gbà mí gbọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn tí èmi àti ọ̀pọ̀ yín jọ ń dá ni àdúrà òkò. Ẹ mọ̀ ọ́n. Agogo márùn-ún àárọ̀, a ó kọjú sí ògiri tó bá tẹni náà pààlà, a ó pariwo pé, "Olúwa, gbogbo ẹni tó ń jẹ lára wa láìṣiṣẹ́..." Ọlọ́run kọ́ là ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìyá Mòfẹ́, bí ẹ bá ti ń ṣe é, ẹ dáwọ́ dúró.

Ìyá Mòfẹ́

Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Adó

Ẹ̀bà ni mo mọ̀ kí wọ́n tó gbé mi wá ṣiṣẹ́ níbí. Àwọn tó ń gbé lókè mi, ọmọ Èkìtì pátá, bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá lù ni wọ́n máa ń gún uyán wọn. Gbì, gbì, gbì. Erùpẹ̀ á máa já láti àjà sínú tíì mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi rò ó. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo dìde, mo gòkè, mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ mi sẹ́nu. Ìyá arúgbó kan ló ṣílẹ̀kùn. Kó tó gbọ́ ẹnu mi, ó ti ní, "Ọmọ mi, o bá wa láyọ̀, jókòó." Wọ́n gbé iyán àti ẹ̀gúsí síwájú mi. Kí ni kí n ṣe? Mo jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ni mo tó bá ọkọ ilé náà sọ̀rọ̀, táyà àlòkù kan sì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní kí wọ́n máa gbé odó lé e. Ariwo náà dín kù gan-an, wọ́n sì ń gún un láago méje báyìí. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí mo bá lọ bá èèyàn pẹ̀lú ẹ̀sùn nìkan, àwáwí ló máa fi dá mi lóhùn. Bí mo bá mú táyà dání, ọ̀rọ̀ táyà la ó sọ. Ìyá Mòfẹ́, kí ni táyà tiyín lórí ọ̀rọ̀ mítà yìí?

Ọmọ Ọ̀yẹ́

Mo fẹ́ béèrè nǹkan, ẹ má nà mí. Rúùmeètì mi ń fi gáàsì mi se ẹ̀wà. Ẹ̀wà o, ẹ mọ bó ṣe ń pẹ́ lórí iná! Mo ti bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, a ti pe ẹlòmíràn sí i, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Ṣebí Jésù náà na pàṣán nínú tẹ́ḿpìlì? Ó sì tún wà nínú Éfésù 4:26 pé kí oòrùn má wọ̀ bá ìbínú wa. Ṣé kì í ṣe pé kí n yanjú ẹ̀ lónìí-ín lónìí ni?

Díákónì Òkè-Ìlá

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ọmọ mi.

Ka Máàkù 11:11. Lọ́jọ́ tí Jésù gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ Jerúsálẹ́mù, ó wọ tẹ́ḿpìlì, ó wo ohun gbogbo yíká, ṣùgbọ́n nítorí ilẹ̀ ti ṣú, ó bá àwọn méjìlá lọ sí Bẹ́tánì. Ọjọ́ kejì ló padà wá dojú tábìlì dé. Ó ti rí i lálẹ́, ó lọ sùn, ó jí, kó tó ṣe é. Ìwọ ńkọ́, ìgbà wo lo sùn lórí ọ̀rọ̀ gáàsì rí?

Ní ti kí oòrùn má wọ̀, èmi ò rò pé ó túmọ̀ sí kí tọkọtaya máa jiyàn títí di aago méjì òru. Gbólóhùn tó ṣíwájú níbẹ̀, "ẹ bínú, ẹ má sì ṣe ṣẹ̀", inú Sáàmù 4:4 ni Pọ́ọ̀lù ti mú un. Ohun tí ẹsẹ Sáàmù náà sọ tẹ̀ lé e ni pé kí ẹ bá ọkàn yín sọ̀rọ̀ lórí ẹní yín, kí ẹ sì dúró jẹ́ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ò bá tíì ṣe é parí lálẹ́, ó kéré tán, ìwọ jọ̀wọ́ ìbínú náà lórí ẹní, kí o fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ de àárọ̀.

Gáàsì yẹn, wá àgádágodo tì í. Ìyẹn kì í ṣe ìjà.

Aránṣọ Àjílósùn

Èmi ń fi kọ́sítọ́mà jẹun, kò sí ọjọ́ tí wọn kì í mú mi bínú. Ẹni tó sanra lẹ́yìn tí mo wọn ara rẹ̀ tán á ní mo ba aṣọ òun jẹ́.

Ohun tó ń bá wa jà báyìí ni Wásáàpù. Bí inú bá ń bí mi, màá ká ohùn mi sílẹ̀ tẹ́rù tẹ́rù, mi ò sì ní fi ránṣẹ́. Màá kọ́kọ́ gbọ́ ọ fúnra mi. Mo ti pa ohùn tó gùn ju ìwàásù lọ rẹ́, ẹ̀rù sì bà mí pé ẹnu tèmi ló ti jáde. Mi ò sì kì í fi òwe sọ̀kò sórí sítátọ́ọ̀sì mọ́. Ẹni tí ẹ ń bá wí á ṣe bí ẹni tí kò rí i, àwọn mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ ò kàn á sì máa pè yín pé ṣé àwọn ni.

Ẹ tún máa wo àsìkò. Ábígẹ́lì, nínú Sámúẹ́lì Kìíní 25, yára gan-an lọ pàdé Dáfídì torí idà ti jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé tó bá Nábálì tó ti mutí yó, kò sọ fún un, kékeré tàbí ńlá, títí ilẹ̀ fi mọ́. Obìnrin kan náà ni. Ó mọ èyí tó yẹ kó sáré sí, ó mọ èyí tó yẹ kó dúró dè.

Nọ́ọ̀sì Ìdó

Mo ń lọ síbi iṣẹ́, kí n sọ méjì.

Ẹ wo ọjọ́ tí ẹ máa ń jà jù. Tèmi, ọjọ́ ààwẹ̀ ni. Ebi, ooru, àìsùn. Mo rò pé èṣù ni, àfìgbà tí mo ka Àìsáyà 58:4 tí wòlíì ń bá wọn wí pé wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n sì ń jà. Ìyá Mòfẹ́, ṣé ẹ ti jẹun lọ́jọ́ Sátidé yẹn?

Èkejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka àwọn ìmọ̀ràn yìí fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù. Ọ̀rọ̀ mítà àti ebè là ń sọ. Ẹni tí wọ́n ń lù, kó kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀ ná. Òfin tó lòdì sí i wà ní Èkìtì láti 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Mo ti rán ojú àwọn tí wọ́n sọ fún pé kí wọ́n padà lọ mú sùúrù.

Bàbá Àgbẹ̀ Ìjerò

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ààlà tí mo ń wí nìyẹn.

Ìyá Mòfẹ́

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Nọ́ọ̀sì, mi ò tíì jẹun lọ́jọ́ náà lóòótọ́.

Mo lọ lánàá, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ fún lẹ́sìn. Mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí, ẹnu mi ṣì ń gbọ̀n. Mo ní, "Ohun tí mo pe ọkọ yín lójú àwọn ọmọ, kò yẹ kó jáde lẹ́nu mi. Ẹ jọ̀ọ́." Mo fẹ́ fi mítà kún un, mo rántí "ṣùgbọ́n" Díákónì, mo gbé e mì.

Kò sunkún, kò dì mọ́ mi bíi ti sinimá. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Mo gbọ́." Ó tún ṣa díẹ̀. Ó wá ní, "Ìwé yẹn ló dùn mí jù. Pé ẹ ń kí mi láràárọ̀, ẹ sì ń kọ mí sílẹ̀." Ẹ̀yin ará, mi ò ní ìdáhùn. Mo jókòó, mo bá a ṣa ẹ̀wà díẹ̀, mo dìde.

Táyà tèmi ni pé mo ti bá àwọn ìdílé méjì yòókù sọ̀rọ̀. Sátidé a ó jókòó, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ká fi ẹnu kò pé ẹni tó ní sítóòfù àti fíríìjì á máa san jù, ká máa dá owó ní ọjọ́ kìíní oṣù kí yúníìtì tó lọ sílẹ̀. Òun náà ní òun á wá. Ó fi ọmọ rán ìdajì owó oṣù tó kọjá sí mi láàárọ̀ yìí. Ìdajì. Mo gbà á, mi ò kọ ọ́ síbì kan.

Yèyé Ẹ̀fọ̀n

Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Òun lo bú.

Ìyá Mòfẹ́

Kì í dá mi lóhùn, Yèyé. Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ń kí i. Ó ń ti ọ̀kadà rẹ̀ jáde báyìí, ẹ jẹ́ kí n dìde.

Ìyá Mòfẹ́

Ó ní "hẹn". Ó ti lọ.